Ní Oko Baba Ẹlòmíràn: Ohun Tí Mo Rí ní Ìlú Ńlá Mẹ́ta ní Amẹ́ríkà

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, tí í ṣe àlùfáà, sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́)



Nígbà tí Akọ̀wé wa wá bá mi pé kí n wá ròyìn ìrìn-àjò mi sí Amẹ́ríkà, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀ fún un, nítorí pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé a máa sú àwọn aládùúgbò rẹ̀; kò ní lè jẹ iyán kí ó má sọ ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa a máa wí pé, bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Èmi ti dé oko baba ẹlòmíràn. Mo rí i pé ó tóbi, mo sì rí i pé wọ́n roko rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, kì í ṣe títóbi rẹ̀ ni ó mú mi dúró níwájú yín ní alẹ́ yìí. Ohun tí ó mú mi dúró ni pé, ní àárín oko náà gan-an, mo bá ohun kan pàdé tí ó ti oko baba tèmi lọ, èmi kò sì mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìpàdé àwọn olùkọ́ kan gbé mi dé ìlú New York. Nígbà tí ìpàdé náà parí, ọmọ mi obìnrin, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Chicago, bẹ̀ mí pé kí n má tètè padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bọ́ sí i tí mo fi rí ìlú mẹ́ta: New York, Washington àti Chicago. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe olùkọ́, mo mú ìbéèrè mẹ́ta dání, kí ojú mi má baà kàn máa ṣeré lásán. Ní ibikíbi tí mo bá dé, èmi yóò béèrè pé: Ta ni ó ṣe é? Kí ni ó ná wọn? Ta ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn?

Àlejò tí ó bá dé New York kò gbọdọ̀ bẹ̀rù pé òun yóò sọnù. Ní ọdún 1811 ni àwọn tí ìjọba yàn ti fi okùn wọn erékùṣù Manhattan, tí wọ́n sì la ojú ọ̀nà rẹ̀ gbọọrọ bí ebè: àwọn kan ti gúúsù lọ sí àríwá, àwọn yòókù dábùú wọn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, nọ́ńbà ni a sì fi pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ti mọ ení, èjì, ẹ̀ta, yóò délé. Ọ̀rọ̀ owó ni ó kọ́kọ́ dójú tì mí. Mo mú ìwé kékeré kan lọ síwájú olùtajà, mo ti ka owó rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ pérépéré, ni ó bá ní owó mi kò pé. Owó orí ọjà, tí ó tó nǹkan bí 9 nínú 100 ní ìlú náà, ni wọn kì í kọ mọ́ iye tí ó wà lára ọjà. Ojú ibi tí a ti ń sanwó ni wọ́n ti ń fi í kún un. Bákan náà ni àjà ilé. Ibi tí àwa ń pè ní ìsàlẹ̀ ni àwọn ń pè ní àjà kìíní. Mo dúró de ẹnì kan fún ìdajì wákàtí ní òkè, òun náà sì ń retí mi ní ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Àwọn ilé wọn kò ṣeé fẹnu sọ. Àwa a máa pe irú wọn ní ilé àwòṣífìlà, èmi sì mọ̀ ní ọjọ́ náà pé orúkọ náà kì í ṣe àwàdà, nítorí pé fìlà mi ṣí ní tòótọ́. Ilé Empire State ní àjà 102. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1931 ni wọ́n ṣí i. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òrùlé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,250. Kò sì gbà wọ́n ju ọdún kan àti oṣù kan àti ààbọ̀ lọ kí wọ́n tó kọ́ ọ tán. Èmi mọ ilé alájà kan ní àdúgbò mi tí ó ti gba ogún ọdún, tí ewúrẹ́ sì ń sùn ní inú rẹ̀ títí di òní.

Ẹni tí kò bá ní owó púpọ̀ lọ́wọ́ lè rí ère Òmìnira láìná kọ́bọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ńlá kan wà tí ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Staten Island, láti ọdún 1997 ni wọn kì í sì í gba owó ọkọ̀ mọ́. Mo wọ̀ ọ́, mo sì rí ère náà bí ó ti gbé iná sókè. Àwọn ará Faransé ni ó fi í ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1886 ni wọ́n ṣí i. Láti ilẹ̀ dé ṣóńṣó iná ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 305. Ohun kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kò lè rí: ẹ̀wọ̀n tí ó ti já. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀wọ̀n náà, nítorí ibi tí mo lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ibi tí ọkọ̀ náà ti gúnlẹ̀, kò ju ìrìn ìdajì wákàtí lọ dé ibojì àwọn ọmọ Áfíríkà. Àárín àwọn ilé ìjọba àti ilé owó ni ó wà. Ní ọdún 1991, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ńlá kan fún ìjọba, wọ́n bá òkú ènìyàn ní abẹ́ ilẹ̀. Ẹrú ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì jẹ́ òmìnira. Ní ọdún 1697 ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà ti kọ̀ pé a kò gbọdọ̀ sin ènìyàn dúdú sí ilẹ̀ òun, nítorí náà ẹ̀yìn odi ni wọ́n ń sin wọ́n sí títí di nǹkan bí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀ lé e. A ṣírò rẹ̀ pé wọ́n tó 15,000. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà dìde, wọ́n ní a kò ní fi ilé tẹ orí àwọn baba wọn mọ́lẹ̀, àtakò wọn sì mú kí ìjọba dá iṣẹ́ dúró lórí apá kan ilẹ̀ náà. Òkú 419 ni wọ́n ti hú. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Howard yẹ̀ wọ́n wò. Ní ọdún 2003 ni wọ́n sì dá wọn padà sí ilẹ̀ wọn nínú pósí tí àwọn agbẹ́gilére Gáńà gbẹ́. Ní ọdún 2006 ìjọba sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Mo ṣí fìlà mi fúnra mi ní ibẹ̀, mo sì gbàdúrà. Gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ojú tì mí nítorí ọ̀rọ̀ ọdún 1697. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan: pé ìlú tí ó gbàgbé ṣì lè rántí, bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá kọ̀ láti dákẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin gbé mi láti New York dé Washington ní wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìlú ìjọba ni, kò sí ilé àwòṣífìlà níbẹ̀. Òpó òkúta funfun tí wọ́n fi ṣe ìrántí George Washington ni ó ga ju gbogbo ilé ibẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ bàtà 555. Bí ẹ bá dúró wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà kí ó tó dé ìdajì. Ọdún 1848 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Owó tán ní ọdún 1854. Ogun abẹ́lé sì dé. Ó dúró bẹ́ẹ̀ bí igi tí àrá sán ge títí di ọdún 1879, kí wọ́n tó tún mú un ṣe, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1884. Òkúta tí wọ́n fi parí rẹ̀ kò ti ibi kan náà wá, àwọ̀ wọn kò sì bára mu. Wọn kò wó o, wọn kò sì kùn ún ní ọ̀dà láti bo àléébù náà. Inú mi dùn sí èyí ju gíga rẹ̀ lọ, nítorí pé ìtìjú kọ́ ni kí iṣẹ́ dúró. Kí a má padà sí ìdí rẹ̀ mọ́ ni ìtìjú.

Ohun kejì tí yóò dùn mọ́ àlejò ní Washington ni pé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá Smithsonian kì í gba owó ìwọlé. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ James Smithson ni ó fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìmọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó kú ní ọdún 1829, kò sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ọdún 1846 ni òfin dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, títí di òní ọmọ tálákà ń wọlé, ọmọ olówó ń wọlé, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè owó.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ni èyí tí wọ́n kọ́ fún ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ní láti gba ìwé àkókò ṣáájú. Bí ẹ bá kàn lọ ṣáá, wọ́n lè dá yín padà. Àlejò a kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí inú ilẹ̀, níbi tí ìtàn oko ẹrú wà, lẹ́yìn náà a ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi dé ibi orin àti iṣẹ́ ọnà. Láti ìta, ilé náà dà bí agbọ̀n mẹ́ta tí a tò lé ara wọn, tí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ti idẹ. Mo bi ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń fi ọ̀nà han àwọn àlejò léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní David Adjaye, tí òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gáńà, ni ó ṣáájú àwọn tí ó yàwòrán ilé náà, àti pé láti ara adé alájà mẹ́ta tí ó wà nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá ni ó ti mú ìrísí rẹ̀, irú èyí tí Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí orí òpó ilé.

Ẹ̀yin ará mi, àyà mi wú. Mo ní, "Yorùbá ni èmi!" Ọmọ náà yọ̀ mọ́ mi, ó ní, "Ẹ ti rí irú òpó bẹ́ẹ̀ nílé nìyẹn?" Mo wúkọ́ díẹ̀, mo sì bi í ní ibi tí a ti lè rí omi mu.

Mo rò pé mo ti bọ́. N kò mọ̀ pé Chicago ń retí mi.

Ó tó nǹkan bí wákàtí 18 tí mo fi wà nínú ọkọ̀ ojú irin kí n tó dé ìlú náà. Adágún Michigan tí ó wà ní etí rẹ̀ fẹ̀ débi pé ojú kò rí òdìkejì. Atẹ́gùn rẹ̀ sì gbá agbádá mi mú bí ìgbà tí wọ́n ta ìgbòkun. Ìlú tí ó jóná tí ó sì tún ara rẹ̀ kọ́ ni Chicago. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1871, iná jó àárín ìlú náà. Nǹkan bí 300 ènìyàn kú, ó sì tó 100,000 tí kò nílé mọ́. Kò tó ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní ọdún 1885, wọ́n parí ilé alájà mẹ́wàá kan tí egungun irin gbé ró, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àkọ́kọ́ nínú ilé àwòṣífìlà gbogbo ayé. Ilé náà kò sí mọ́. Wọ́n ti wó o ní ọdún 1931. Odò ìlú náà pàápàá, wọ́n yí i padà. Inú adágún tí wọ́n ti ń bu omi mu ni ó ń kó ẹ̀gbin lọ, nítorí náà wọ́n gbẹ́ ipa omi tuntun, ní ọdún 1900 sì ni odò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn gba ẹ̀yìn. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá tí ó sì fi ìdí kalẹ̀ níbẹ̀, kí ó tó di ìlú rárá, jẹ́ ènìyàn dúdú, Jean Baptiste Point du Sable. Ọdún 2021 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ kún orúkọ òpópónà ńlá etí adágún náà.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ mi ní kí n mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ sí Art Institute, ilé iṣẹ́ ọnà ńlá tí kìnnìún idẹ méjì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n a bí i sí ìlú náà ni. A rìn títí a fi dé yàrá àwọn ohun Áfíríkà. Níbẹ̀ ni òpó kan dúró, gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, ó dé adé, ẹyẹ bà sí ṣóńṣó adé náà. Ayaba dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ga ju ọba lọ fíofío, ó sì fi ọwọ́ mú ìtẹ́ náà. Ẹnì kan kúnlẹ̀ níwájú, ẹnì kan ń fọn fèrè. Ọmọ náà dúró. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì kọjú sí mi.

"Bàbá àgbà, ta ni ó ṣe é?"

Ẹ gbọ́, ìbéèrè mi kìíní ni. Èmi tí mo ti ń bi gbogbo Amẹ́ríkà léèrè! Kí n tó dáhùn, ó fi èkejì tẹ̀ lé e: "Kí ló dé tí obìnrin yìí fi ga ju ọba lọ? Kí ni ẹyẹ yẹn ń ṣe lórí adé?" Mo la ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ti lo ọdún 30 ní iṣẹ́ olùkọ́. Mo lè ka orúkọ àwọn odò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yín láti àríwá dé gúúsù. Ọmọ náà rí i pé ẹnu mi wọhò. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé pélébé tí ó wà lẹ́bàá òpó náà fún mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: pé Olówè ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ láàrin ọdún 1910 sí 1914 fún ààfin Ògògá ti Ìkẹ́rẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn obìnrin ni ó ń gbé ọba ró, ayaba àgbà sì ń dúró ti ẹ̀yìn ìtẹ́. Ẹyẹ orí adé sì ń rán ọba létí agbára àwọn ìyá wa, tí kò lè ṣe ọba láìsí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ó dúró ní Chicago, tí ó ń túmọ̀ Ìkẹ́rẹ́ fún bàbá rẹ̀ àgbà tí ó ti ilẹ̀ Yorùbá wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè sùn. Àwọn kan nínú yín yóò wí pé, "Kí ni òpó Ògògá ń ṣe ní Chicago?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. A mọ̀ pé ní ọdún 1924 wọ́n kó ìlẹ̀kùn tí Olówè kan náà gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá kan ní Lọ́ńdọ́nù. Kò padà mọ́, ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Ògògá gbà ní ìpààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ọba wa àti ìjọba wa ni yóò jíròrò ọ̀rọ̀ àwọn ohun tí ó ti lọ, mo sì gbàdúrà pé kí wọ́n jíròrò rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó gba oorun lójú mi kì í ṣe ìyẹn. Bí wọ́n bá dá òpó náà padà ní ọ̀la, ta ni nínú àwa olùkọ́ ni yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí yóò sì dá ọmọdé lóhùn? Igi lè kọjá òkun kí ó sì padà. Ìmọ̀ tí ó bá kú sí inú wa, ọkọ̀ wo ni yóò gbé e padà?

Nígbà tí mo dé ilé, mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì gbọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ lọ, láti ibẹ̀ mo kọjá sí Ìsẹ̀. Máìlì tí mo rìn kò pọ̀ rárá. Mo ti gba etí ọ̀nà náà kọjá ní àìmọye ìgbà nítorí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì àti ìdánwò. Mo ṣàlàyé ara mi fún àgbà kan tí mo bá níbẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo wá. Ó fi àga lọ̀ mí. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Olùkọ́. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ títí di òní.

Nítorí náà, mo fi àbá kan síwájú Ẹgbẹ́ yìí. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kékeré: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó jáde, ó ní láti lọ wo iṣẹ́ àtijọ́ kan ní ìlú rẹ̀, kí ó bi àgbà léèrè ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí, ta ni ó ṣe é, kí ni ó ná wọn, ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀, kí ó sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ní Yorùbá tí ó dán mọ́rán. Ẹni tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá yóò lọ sí ìdí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Ará Ìjẹ̀bú yóò lọ rìn ní ẹ̀bá Eredo Súngbọ́, yàrà àti odi tí ó yí ilẹ̀ ká fún nǹkan bí 100 máìlì. Ará Abẹ́òkúta yóò gun Olúmọ. Ẹni tí ó bá sì ní kò sí nǹkan kan ní ìlú òun, kí ó kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ àgbà. Mo bẹ Ẹgbẹ́ pé kí ẹ gbà wá láyè láti máa tẹ èyí tí ó bá dára jù nínú wọn jáde ní ojú ìwé yìí ní oṣooṣù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀nà bá là fún yín, ẹ lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ wo ère, ẹ wo ilé àwòṣífìlà, kí fìlà yín ṣí. N kò ní kí ẹ má lọ. Mo ní kí ẹ gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ bá bá lọ́hùn-ún. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọmọ ọmọ mi ní Chicago, ojú ewé mẹ́rin, ní Yorùbá, mo sì sọ ohun tí àgbà náà sọ fún mi nípa Olówè fún un. Ó dá mi lóhùn. Ó ní òun ti kà á tán, òun sì ní ìbéèrè méje mìíràn.

Mo ti dáhùn mẹ́ta. Ẹ bá mi wá ìdáhùn sí mẹ́rin tí ó kù.